Barat, Ẹni Tó Sọ Irun Ètè Ẹlòmíì Nù

Ọ̀rọ̀ kan wà ní ìlú Kaṣani tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi pe ènìyàn, kí onítọ̀hún kọ́kọ́ wo ojú ẹni tó pè é kó tó dáhùn. Ọ̀rọ̀ náà ni lúútì. Bí ìyá bá fi pe ọmọ tó jí ṣúgà, ìpáǹle ló ń wí. Bí ọlọ́pàá bá fi pe ènìyàn, kí ẹni náà tètè wá ọ̀nà ẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ń mú ọ̀bọ kiri ọjà pé kó jó fáwọn ènìyàn, lúútì ni. Ọkùnrin tó fi ọ̀bẹ sí ìgbànú, tí kò sẹ́ni tó lè rẹ́ opó jẹ ní àdúgbò rẹ̀, lúútì lòun náà. Bí bàbá kan bá sì kú, tó jẹ́ pé ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni gbogbo aláìní ti ń jẹun, wọn a wá oyè tó tó o títí, wọn ò ní rí i, ẹnì kan a wá mí kanlẹ̀, a ní, "Lúútì ni bàbá yẹn," gbogbo ilé a sì bú sẹ́kún.

Wọ́n ti fi gbogbo rẹ̀ pe Barat kó tó pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún, àfi ti òkú nìkan.

Iṣẹ́ ló kó o bá a. Ìkòkò bàbà ni wọ́n fi ń se oúnjẹ ní Kaṣani láyé ìgbà náà, bàbà lásán sì lè pa ènìyàn, nítorí náà ọdọọdún ni wọ́n ń kó ìkòkò lọ fún àwọn tó ń fi tánganran bo inú rẹ̀ kó lè funfun. Ọ̀kan nínú wọn ni Barat. Kí tánganran tó lè mú, ìdí ìkòkò gbọ́dọ̀ mọ́ tónítóní, ẹsẹ̀ ni wọ́n sì fi ń fọ̀ ọ́. Barat á bọ́ bàtà, á da iyanrìn àti àkísà sínú ìkòkò, á wọ inú rẹ̀, á di igi ara ògiri mú, á wá bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí sọ́tùn-ún, sósì, sọ́tùn-ún, sósì, títí ìdí ìkòkò á fi máa tàn. Ẹni tó bá ń wò ó láti ìta kì í rí ìkòkò. Ìdí tó ń yí nìkan ló ń rí. Àwọn ọmọdé á péjọ, wọn á máa pàtẹ́wọ́.

"Lúútì! Lúútì! Ọ̀bọ rẹ dà?"

"Ẹ̀yin náà kọ́ lẹ̀ ń pàtẹ́wọ́ níbẹ̀ yẹn?" Barat á dáhùn láìdúró.

Ṣùgbọ́n tó bá di ọwọ́ ìrọ̀lẹ́, tó bá fọ ẹsẹ̀ tán, ilé tíì ló ń lọ, níbi tí Bàbá Nosrat ti ń pìtàn. Bàbá Nosrat mọ ogójì ìtàn nípa àwọn lúútì ayé àtijọ́. Nínú ogún, olè ni lúútì. Nínú ogún yòókù, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ málékà. Lúútì kan dá ògiri oníṣòwò aṣọ lu lóru, ó bá ọmọ ìkókó tó ń sunkún nínú ilé, ó jókòó, ó ń re é títí ilẹ̀ fi mọ́, orí ọmọ náà ni wọ́n ti mú un. Lúútì kejì ta kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kan ṣoṣo fún adájọ́ mẹ́ta láàárọ̀ ọjọ́ kan. Barat sunkún sí ti àkọ́kọ́, ó rẹ́rìn-ín sí ti ìkejì, kò sì rí i pé àwọn méjèèjì ń bára wọn jà. Lọ́kàn tirẹ̀, lúútì lòun náà, irú ti Bàbá Nosrat. Ó kàn jẹ́ pé inú ìkòkò ni wọ́n fi òun sí.

Ẹni tí kò gba èyí gbọ́ rárá ni Ọ̀gá Safdar, alágbẹ̀dẹ bàbà, bàbá Mahrokh. Mahrokh ni Barat sì fẹ́ fẹ́.

Irun tó wà lókè ètè Safdar funfun, ó nípọn, ó sì gùn dé ibi tí afẹ́fẹ́ fi ń gbé e. Gbogbo ọjà bàbà ló mọ̀ pé tí Safdar bá ti fọwọ́ kan irun náà, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọdún méjì gbáko ni Khavar, ìyá Barat, fi ń lọ bẹ̀ ẹ́, ọdún méjì náà ló fi ń fọwọ́ kan irun.

"Ìyá Barat, ẹ má bínú. Ọmọ yín kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n èmi ò lè fi ọmọ mi fún lúútì."

"Lúútì wo, Ọ̀gá? Èyí tó ń jalè ni àbí èyí tó ń jó?"

"Èwo ló sàn nínú méjèèjì, ìyá?"

Ohun tó yí i lọ́kàn padà ni ìkòkò àdúgbò. Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́ ni orúkọ àdúgbò wọn, wọ́n sì ní ìkòkò bàbà kan tí bàbá bàbá Safdar lù, ènìyàn mẹ́jọ ló ń gbé e. Ní ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún oṣù tó ṣáájú ààwẹ̀, wọ́n á se àlìkámà àti ẹran àgùntàn nínú rẹ̀, wọ́n á fi igi gígùn rò ó títí yóò fi fà bí ọ̀dà, gbogbo àdúgbò á sì jẹ ẹ́. Ní ọdún tí à ń wí yìí, àwọn àgbà fi ìkòkò náà sí ìkáwọ́ Barat. Òun ni yóò máa fọ̀ ọ́, òun ni yóò máa yá a fún ẹni tó bá ní ìnáwó, òun ni yóò rí i pé ó padà wálé. Nígbà tí Safdar gbọ́, ó ronú fún ọjọ́ mẹ́ta. Ó wá gba òrùka lọ́wọ́ Khavar.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ o," ló wí. "Tí ìkòkò yìí kò bá sí lórí ààrò rẹ̀ ṣáájú àdúrà alaasari ní ọjọ́ tó ṣáájú àsè, kí ẹ wá mú òrùka yín."

Khavar rẹ́rìn-ín. Kí ló lè ṣe ìkòkò tí ènìyàn mẹ́jọ ń gbé?

Kò tíì pé ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà ni Kanbar wá láti Ẹ̀yìn-Odi. Lúútì ni Kanbar, irú èyí tó ní ọ̀bẹ. Wọ́n ní ó ti lé agbowó-orí kan wọnú kànga rí, ó sì dúró tì í títí ẹni náà fi rántí pé òun ti gba owó ọdún yẹn tẹ́lẹ̀. Àbúrò rẹ̀ obìnrin ń ṣe ìgbéyàwó, ó fẹ́ yá ìkòkò fún ọjọ́ méjìlá.

Kò sẹ́ni tó ń bi Kanbar pé kí ló fẹ́ fi dógò. Òun fúnra rẹ̀ ló gbé ọwọ́ sókè, ó fa irun kan yọ nínú irun ètè rẹ̀, pupa nítorí làálì tó ń kùn sí i. Ojú rẹ̀ kò yí padà, omi kan ṣoṣo ló yọ lójú òsì. Ó gbé irun náà lé ọwọ́ Barat.

"Òun nìyẹn."

Barat tẹ́ aṣọ ìnujú rẹ̀ funfun, ó gbé irun náà sí i, ó ká a ní ìlọ́po mẹ́rin, ó fi í sí àpò àyà. Lójú àwọn ọkùnrin Kaṣani, irun ètè kan báyìí wúwo ju ilé lọ. Ẹni tí irun rẹ̀ bá wà lóde, ẹnu ọ̀nà ló ń jókòó sí níbikíbi tí àwọn ọkùnrin bá péjọ sí, kò gbọdọ̀ jókòó sí àyè rẹ̀ títí yóò fi gbà á padà. Ní ti ẹni tó bá sọ irun ẹlòmíì nù, kò sẹ́ni tó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe fún un. Kò tíì ṣẹlẹ̀ rí.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí àsè pé nígbà tí Barat ti ilé ìwẹ̀ dé, tó fọwọ́ kan àpò àyà.

"Ìyá, aṣọ ìnujú mi dà?"

"Mo ti fọ̀ ọ́. Wò ó lórí okùn."

"Ohun tó wà nínú rẹ̀ ńkọ́?"

"Kí ló wà nínú rẹ̀? Irun kan tó pupa rádaràda bí ìrù ológbò ni mo bá níbẹ̀. Mo ti gbọ̀n ọ́n dànù lórí òrùlé. Ojú ò tiẹ̀ tì ọ́, aṣọ ìnujú ọkọ ìyàwó!"

Barat jókòó sílẹ̀ níbi tó wà.

"Ìyá, irun ètè Kanbar ni."

Khavar fọwọ́ lu àyà. "Kanbar Ẹ̀yìn-Odi? Hẹ̀ẹ̀! Mo ṣebí ewúrẹ́ ló fara nù ún."

Ìyá àti ọmọ gun orí òrùlé, wọ́n gbá eruku ibẹ̀ jọ, wọ́n fi ajọ̀ kù ú. Wọ́n rí ohun mẹ́ta: irun dúdú kan tó jẹ́ ti Khavar, irun ológbò, àti fọ́nrán òwú kápẹ́ẹ̀tì.

"Mú ti kápẹ́ẹ̀tì," Khavar wí. "Ó pupa dáadáa, kò sì ní já."

"Ìyá!"

"Mo kàn ń sọ̀rọ̀ ni. Tìrẹ ni kí n ní kí o fún un? Ìwọ tí o dán bí ẹyin."

Òótọ́ ni. Ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú, Barat ń da ìyẹ̀fun tó ń jẹ́ kí tánganran mú sínú ìkòkò gbígbóná, ó tẹ̀ sún mọ́ ọn jù, ahọ́n iná kan lá a lójú. Iná náà kò ṣe é ní nǹkan kan, irun ètè rẹ̀ nìkan ló kó lọ, ó sì kó o tán.

Ó lọ bá Bàbá Nosrat ní ilé tíì. Bàbá Nosrat fi ṣúgà oníhóró sí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó mu tíì lé e, ó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà dé òpin.

"Ìtàn méjì ló wà lórí rẹ̀," ló wí. "Lúútì kan sọ òrùka tí wọ́n fi dógò sọ́wọ́ rẹ̀ nù. Ó fi idẹ rọ òmíràn, ó sì búra tó dùn tó bẹ́ẹ̀ tí olówó òrùka fi ní kó wá máa ṣe lèmọ́mù fáwọn. Lúútì kejì náà sọ òrùka nù, ó gé ìka rẹ̀, ó gbé e fún olórùka."

"Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì, Bàbá?"

"Ó dọwọ́ bí o bá ṣì nílò ìka rẹ."

"Ẹ̀yin fúnra yín ńkọ́? Tó bá jẹ́ ẹ̀yin?"

"Èmi? Màá ti kúrò nílùú láti àná. Ṣùgbọ́n pípa ìtàn nìṣẹ́ tèmi, èmi ò sọ pé lúútì ni mí."

Ọjọ́ mẹ́ta kọjá. Ọ̀rọ̀ ti dé etí gbogbo Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, àfi etí Safdar, nítorí kò sẹ́ni tó láyà. Onígbàjámọ̀ àdúgbò wá sílé Barat fúnra rẹ̀. Ó mú irun ètè kan dání tó gé lára oníbàárà, ó ti kùn ún ní làálì lẹ́ẹ̀mejì.

"Ìyá tó bí Kanbar gan-an ò lè mọ ìyàtọ̀," ló wí. "Gbé e fún un, gba ìkòkò, máa bọ̀."

Barat gbà á. Ó ká a sínú aṣọ ìnujú. Ọ̀la ni àsè, ìkòkò gbọ́dọ̀ wà lórí ààrò ṣáájú alaasari òní. Láàárọ̀ náà, ó gba ọ̀nà Ẹ̀yìn-Odi lọ. Bó ti ń lọ ló ń fi ọkàn kọ́ bí òun yóò ṣe búra.

Ilé tíì Ẹ̀yìn-Odi kún. Wọ́n ti gbé ìkòkò sí àgbàlá, ọ̀pá méjì ti wà nínú àwọn etí rẹ̀, àwọn ọkùnrin mẹ́jọ ti dúró tì í. Barat wo àga ńlá tó wà lókè, níbi tí wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì kékeré sí, tí gbogbo ìlú mọ̀ sí àyè Kanbar. Kò sẹ́nì kankan níbẹ̀. Ó wá a yíká. Ẹnu ọ̀nà ló ti rí i, lórí pákó, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà àwọn ènìyàn, ó ká ẹsẹ̀ kò, ó mú ife tíì rẹ̀ dání. Bí ẹni kan bá wọlé, Kanbar á fà sẹ́yìn kí ẹni náà lè kọjá.

"Káàbọ̀, Barat," ló wí. "Ọjọ́ kejìlá rèé. Ìdí ń ro mí. Gbé irun mi wá kí n lè lọ jókòó bí ènìyàn."

Ọwọ́ Barat ti wà nínú àpò. Ó yọ ọ́, kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n Kanbar, mi ò rí irun yín mọ́. Ìyá mi fọ aṣọ ìnujú, wọ́n gbọ̀n ọ́n dànù. Wọn ò mọ̀."

Ẹnì kan rẹ́rìn-ín nínú igun, ó rántí ara rẹ̀, ó sọ ọ́ di ikọ́.

"Ìyá rẹ gbọ̀n mí dànù?" Kanbar bi í.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Wọ́n ní ẹ jọ irun ìrù ológbò."

"O ì bá má sọ ìyẹn fún mi."

"Ẹ má bínú, ẹ̀gbọ́n."

Kanbar gbé ife sílẹ̀, ó dìde. Ó ga ju Barat lọ ní ìwọ̀n orí kan. "Irun ni mo fi gba ìkòkò, irun ni mo fi ń dá a padà. Tèmi ti lọ. Fún mi ní tìrẹ, ká parí rẹ̀."

Barat gbé ojú sókè. Kanbar bẹ̀rẹ̀, ó wo ètè rẹ̀ láti apá ọ̀tún, ó wò ó láti apá òsì.

"Ta ló fá ọ báyìí?"

"Iná ni."

"Iná náà mọṣẹ́. Bàbá rẹ ńkọ́? Irun bàbá tó fún ọmọ."

"Wọ́n ti kú, ó ti pé ọdún mọ́kànlá."

"Ọlọ́run á tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Ó dára." Kanbar jáde sí àgbàlá, ó yí ìkòkò ká lẹ́ẹ̀kan, ó wo oòrùn. "Bọ́ bàtà rẹ."

Àwọn ènìyàn fà sẹ́yìn, wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ ti di ti ọ̀bẹ. Barat bọ́ bàtà.

"Wọ inú rẹ̀."

"Inú kí ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Inú ìkòkò. Àwọn ará ilé mi sun ìrẹsì mọ́ ọn nídìí. Ṣé èmi ni màá dá ìkòkò tó dọ̀tí padà? Ẹ fún un ní iyanrìn."

Barat wọ inú rẹ̀. Ó di etí ìkòkò mú, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí ìdí, àwọn ọmọ Ẹ̀yìn-Odi náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í pàtẹ́wọ́, wọ́n ń bi í pé ọ̀bọ rẹ̀ dà. Nígbà tí ìdí ìkòkò mọ́, tí wọ́n fi ìgbálẹ̀ gbá iyanrìn rẹ̀ jáde láàárín ẹsẹ̀ rẹ̀, ó gbé ẹsẹ̀ kan sókè láti jáde.

"Ta ló ní kó o jáde?" Kanbar wí. Ó kọjú sí àwọn ọkùnrin mẹ́jọ. "Ẹ gbé e."

"Ẹ̀gbọ́n! Ẹ ní ẹ ò ní dá a padà láìsí irun!"

"Mi ò dá nǹkan kan padà. Ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Ìwọ ló wà nínú ìkòkò. Mo kàn ń rìn lọ ni. Àbí ẹnì kan ní kí n má rìn nílùú yìí?"

Kò sẹ́ni tó sọ bẹ́ẹ̀.

Báyìí ni wọ́n ṣe gbé Barat la ọjà Kaṣani kọjá lọ́sàn-án gangan, ó dúró nínú ìkòkò bí ọba tí ìdí ìtẹ́ rẹ̀ ti jìn. Àwọn tó ń ta súwíìtì da iṣẹ́ sílẹ̀. Ìyá arúgbó kan béèrè bóyá sẹ́nétọ̀ tuntun ni. Nígbà tí wọ́n fi dé Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, ọgọ́rùn-ún ènìyàn ló ń tẹ̀ lé wọn, tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò sì mọ ìdí tí òun fi ń lọ.

Ní Ìdí-Ọ̀pọ̀tọ́, iná ti ń jó lábẹ́ ààrò. Wọ́n ti rẹ àlìkámà, wọ́n ti pa àgùntàn mẹ́rin, àáfà ti dé láti ṣàdúrà sí oúnjẹ. Àwọn obìnrin wà lórí òrùlé, Mahrokh wà láàárín wọn. Safdar dúró ti ààrò, ó ń wo oòrùn, òrùka sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n rí ìkòkò, igbe ayọ̀ sọ. Nígbà tí wọ́n rí ohun tó wà nínú rẹ̀, igbe náà já ní àárín.

Wọ́n gbé ìkòkò kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ààrò. Kanbar nu ọwọ́.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé," ló wí. "Ọmọ yín yìí sọ irun mi nù, ó sì wá sọ fún mi lójúkojú. Mi ò bá a jà. Ṣùgbọ́n níwọ̀n ìgbà tó bá wà nínú ìkòkò yìí, ìkòkò ṣì wà lọ́wọ́ mi. Tó bá jáde láìfún mi ní irun, ó jí i gbé nìyẹn. Irun tirẹ̀, tàbí ti bàbá rẹ̀. Mo ti parí ọ̀rọ̀ mi."

Alápatà nawọ́ sí ètè ara rẹ̀. "Gba tèmi!"

"Ṣé ìwọ lo bí i?"

Oníbúrẹ́dì náà fẹ́ fún un, wọ́n bi í ní ìbéèrè kan náà, ìyàwó rẹ̀ sì wò ó láti orí òrùlé títí ó fi jókòó. Khavar la àárín èrò kọjá, ó fọwọ́ gbá etí ìkòkò.

"Kí lẹ̀ ń dúró dè? Ẹ máa da àlìkámà lé e lórí. Kò lọ́ràá, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá fi iyọ̀ sí i, á ṣe é jẹ."

Safdar kò rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ ọ̀rọ̀ onígbàjámọ̀ sí i létí ni, ó sì sún mọ́ ìkòkò.

"Barat, ṣé òótọ́ ni wọ́n fún ọ ní irun mìíràn kó o tó lọ?"

Onígbàjámọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá ibi tí yóò gbà jáde. Barat yọ aṣọ ìnujú, ó ṣí i. Irun pupa náà wà níbẹ̀.

"Òun rèé, Bàbá."

Safdar gbé e sún mọ́ ojú. "Wọ́n kùn ún dáadáa. Kí ló dé tí o kò fi fún un? Ìkòkò ì bá ti dé láti òwúrọ̀, èmi ì bá má sì mọ nǹkan kan."

"Ẹnu ọ̀nà ni Ẹ̀gbọ́n Kanbar jókòó sí, Bàbá," Barat wí. "Lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà. Ọjọ́ méjìlá, wọn ò sì lọ jókòó sí àyè wọn rárá."

Safdar gbé ọwọ́ sí irun ètè rẹ̀. Gbogbo ọjà bàbà tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀, nítorí wọ́n mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí, Khavar sì ti nawọ́ láti gba òrùka.

"Kanbar," Safdar wí, ọwọ́ rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀, "ti bàbá ìyàwó ńkọ́? Ṣé ó wúlò?"

"Ó wúlò gan-an, Ọ̀gá. Bàbá ni bàbá ìyàwó." Kanbar wo òkè, ó wo ilẹ̀. "Ṣùgbọ́n ìyàwó wo? Èmi ò tíì gbọ́ pé wọ́n so yìgì."

Safdar yí sí àáfà. Àáfà yí sí ìkòkò.

"Yìgì kì í ṣe ohun àkánjúṣe," àáfà bẹ̀rẹ̀. "Ẹ dá a sí ọjọ́ mẹ́wàá òní."

"Àlìkámà ò lè dúró fún ọjọ́ mẹ́wàá, Àáfà."

"Ọkọ sì wà nínú ìkòkò."

"Ṣé ó lòdì sí òfin?"

Àáfà fọwọ́ pa irùngbọ̀n, ó ronú pẹ́. "Àwọn ìwé," ló wí nígbẹ̀yìn, "kò sọ nǹkan kan nípa ìkòkò."

Bó ṣe so yìgì nìyẹn, Barat dúró nínú bàbà dé ìbàdí, ó ká ọwọ́ sẹ́yìn. Ó kan ìyàwó. Àáfà gbé ojú sókè sí òrùlé, ó béèrè bóyá Mahrokh gbà. Àwọn obìnrin dáhùn pa pọ̀ bí wọ́n ti ń dáhùn níbi gbogbo yìgì, nítorí ìyàwó kì í gbà kó tó di ìgbà kẹta:

"Ìyàwó ti lọ já òdòdó!"

"Mahrokh!" Safdar kígbe. "Iná ń jó lásán níbí o!"

Àáfà béèrè lẹ́ẹ̀kejì.

"Ìyàwó ti lọ mú omi òdòdó wá!"

"Mahrokh, alaasari ti kù sí dẹ̀dẹ̀! Ẹran ń bàjẹ́!"

Ohùn Mahrokh sọ kalẹ̀ láti òkè, kò yára rárá. "Bàbá, ọdún méjì lẹ fi dá a dúró. Ẹ jẹ́ kí èmi náà já òdòdó tèmi tán."

Èrò hó. Àáfà béèrè lẹ́ẹ̀kẹta, Mahrokh sì dáhùn pé, pẹ̀lú ìyọ̀ǹda bàbá òun àti àwọn àgbà, òun gbà. Safdar kò dúró kí wọ́n parí igbe ayọ̀. Ó di irun ètè rẹ̀ mú, ó wá ọ̀kan tó gùn jù níbẹ̀, ó pa ojú dé, ó fà á. Omi yọ lójú méjèèjì. Ó gbé e lé ọwọ́ Kanbar.

"Òun nìyẹn. Fún ọmọ mi."

Kanbar tẹrí ba fún un, ó sì ká irun náà sínú ìnujú bí ẹni ń ká lẹ́tà. Barat gbé ẹsẹ̀ kan jáde, ó gbé ìkejì, ẹsẹ̀ méjèèjì ti kú, ó sì ṣubú sí ẹsẹ̀ àna rẹ̀ gbalaja. Àwọn kan tó wà lẹ́yìn rò pé ó ń dọ̀bálẹ̀ dúpẹ́ ni, wọ́n yìn ín fún ẹ̀kọ́ ilé. Kó tó dìde, wọ́n ti gbé ìkòkò sórí iná, wọ́n ti ń da àlìkámà sí i. Àdúrà alaasari bá wọn níbẹ̀.

Lẹ́yìn àdúrà, wọ́n tẹ́ kápẹ́ẹ̀tì fáwọn àgbà lábẹ́ igi. Safdar lọ sí àyè rẹ̀ bó ti ń ṣe láti ogójì ọdún. Ó tẹ̀ kó jókòó, ó dúró ní àárín, ó nàró padà. Irun rẹ̀ wà lóde. Ó yí padà láìsọ̀rọ̀, ó lọ jókòó lẹ́nu ọ̀nà, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà, Kanbar sì lọ jókòó sókè.

Irun ètè Barat, tí yóò fi gba ti Safdar padà lọ́wọ́ Kanbar, kò yára hù. Ọ̀sẹ̀ méje ni Safdar fi jókòó sẹ́nu ọ̀nà gbogbo ilé tíì tó wà ní Kaṣani. Láràárọ̀, kó tó ṣí ṣọ́ọ̀bù, á gba ilé ọkọ ọmọ rẹ̀ kọjá, á mú un wá sínú oòrùn, á gbé àgbọ̀n rẹ̀ sókè, á wò ó bí àgbẹ̀ ti ń wo ebè.

"Èyí tó wà lápá òsì yìí ńkọ́? Kò tó ni?"

"Bàbá, kò tíì ṣe é dì mú. Ẹ jẹ́ kó dàgbà díẹ̀ sí i."

"Èmi náà ń dàgbà," Safdar á wí, á sì máa lọ, "lẹ́nu ọ̀nà."